Wàrà Àgùntàn Ló Gba Ipò Kìíní

Abúlé Ìdí-Ìyá,
Lọ́nà Ṣakí.
Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹrin, ọdún 2015.

Sí Ràdíátù, ọmọ mi tí mo gbé lé èjìká kí ó tó mọ ìrìn,

Mo kí ọ, mo kí ọ, mo tún kí ọ lẹ́ẹ̀kẹta, nítorí pé ọ̀nà jìn, ìkíni kan lè bọ́ sọnù kí ó tó dé. Ṣé dáadáa ni o jí? Ṣé omi kò tíì wọ yàrá yín ní Ajégúnlẹ̀ bí òjò ti bẹ̀rẹ̀ yìí? Àṣírù ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń jẹ́ kí ẹrù jáde ní Apapa? Ọlọ́run tí ó ń gbé ọkọ̀ ojú omi ró tí kò fi rì pẹ̀lú gbogbo ẹrù tí wọ́n dì sínú rẹ̀, òun náà ni yóò máa gbé yín ró. Ìjà àwọn ọmọ ìta kò ní bá yín lójúde. Tírélà kò ní fẹ̀yìn rìn bá yín. Ohun tí ẹ bá fi ọwọ́ ọ̀tún gbà, ọwọ́ òsì kò ní gbọ̀n ọ́n dànù. Àmín. Yasir ọ̀rẹ́ mi ńkọ́? Mo fi tiẹ̀ ṣe ìkẹyìn kí ó má baà dà bí ẹni pé nítorí rẹ̀ nìkan ni mo ṣe ń kọ̀wé, ṣùgbọ́n nítorí rẹ̀ nìkan ni mo ṣe ń kọ̀wé.

Gbogbo wa ni a wà ní àlàáfíà nílé. Bí mo bá ní gbogbo wa, èmi nìkan ni, pẹ̀lú ewúrẹ́ méjì àti àgùntàn mẹ́rin. Ìyá rẹ ní ogójì ọjọ́ ni òun fẹ́ lò lọ́dọ̀ yín láti bá ọ wẹ ọmọ tuntun. Mo ń ka ọjọ́ náà lórí ìka ọwọ́, ìka ọwọ́ tán, mo bọ́ sí ti ẹsẹ̀. Ọmọ náà ti pé ọdún kan àti oṣù mẹ́rin báyìí, ìyá rẹ sì ń wẹ̀ ẹ́ lọ. N kò mọ irú ìdọ̀tí tí ó wà lára ọmọ yẹn. Ó ní ọmọ náà rọ̀, ó ní òun kò lè fi í sílẹ̀ títí yóò fi fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rìn dáadáa. Èmi kò bínú. Kájú so lọ́dún yìí. Òrùlé ilé ìdáná ti ń jò, mo ti gbé abọ́ sí i. Ọbẹ̀ tí mo sè ní ọjọ́ Àìkú, ajá aládùúgbò wò ó, ó wò mí, ó bá tiẹ̀ lọ. Èmi kò bínú rárá.

Fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù Nímọ́tà dé. Nímọ́tà, ìyàwó tí ó ń ta káàdì ìpè lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí, ti pààrọ̀ fóònù, èyí tí ó ń lò báyìí kò ní bọ́tìnnì kankan, ojú lásán ni. Mo rí Yasir. Mo rí i pé iwájú orí rẹ̀ jọ tèmi. Ṣùgbọ́n àna mi Dáhùnsí, bàbá ọkọ rẹ, ni ó gbé e lé ẹsẹ̀, tí wọ́n fẹ ẹnu bí ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀fù, tí wọ́n mú agolo mílíìkì dání bí ẹni tí ó gba ife ẹ̀yẹ. Mo ní kí n fi ìka sún wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ kí n lè rí ọmọ. Ràdíátù, bí mo ti fi ìka méjì tì í báyìí, ńṣe ni ọkùnrin náà tóbi sí i. Mo tún tì í, ó tún tóbi sí i, títí tí ó fi jẹ́ pé imú rẹ̀ nìkan ló kún ojú fóònù, tí mo ń wo inú imú àna mi ní ọ̀sán gangan. Nímọ́tà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, ó ní Bàbá, ẹ rọra o, gíláàsì ni, kì í ṣe ilẹ̀kùn. Mo ní kó bá mi gé e kúrò. Ó gé e lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò ṣeé gé nítorí pé ẹnu ọmọ ni ọwọ́ náà wà. Nítorí náà, bí mo bá ń wo ọmọ-ọmọ mi báyìí, ọwọ́ kan tí kò ní ara ni ó ń fún un ní mílíìkì. Mo sì mọ ẹni tó ni ọwọ́.

Mo rí i pé mo ti pe bàbá ọkọ rẹ ní “ó” lókè yẹn. Má bínú. “Wọ́n” ni mo fẹ́ kọ, inú ló ń bí bírò.

Èyí tí ó dùn mí jù ni ti ọjọ́ Jímọ̀ tí o pè mí, tí o ní kí n dúró, Yasir fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀. Mo tún fìlà mi ṣe. Mo gbọ́ ohùn kékeré kan tí ó ní Bàbá. Mo ní òo! Mo sì gbọ́ ohùn ńlá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ náà tí òun náà ní òo! Àwa méjèèjì la jẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan náà, èmi láti Ìdí-Ìyá, òun láti orí àga yín. Ẹ̀yin bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín kí ó má baà hàn. Lẹ́yìn náà ni mo wí fún yín pé owó ti tán lórí fóònù, mo sì dá a padà fún Nímọ́tà. Nímọ́tà ní ṣebí àwọn ni wọ́n pè yín, Bàbá. Mo ní kó máa ta káàdì rẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ wàrà yìí ṣe bẹ̀rẹ̀, kí o má baà rò pé èmi ni mo dá a sílẹ̀. Nígbà tí ọmọ pé oṣù mẹ́jọ ni ìyá rẹ ránṣẹ́ sí mi pé Dáhùnsí, tí ó fi ọgbọ̀n ọdún gbé ẹrù ní wọ́ọ̀fù kí ó tó fẹ̀yìntì, ń ra mílíìkì inú agolo wálé ní páálí-páálí, pé ọmọ ń mu ún bí ẹni ń mu omi, pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti yọ. Ó wá fi kún un pé èèyàn dáadáa ni ọkùnrin yẹn, Bàbá Ràdíátù. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti fẹ́ Mọ́nsúrátù ìyá rẹ. Kò sọ bẹ́ẹ̀ nípa mi rí. Ohun tí ó máa ń sọ nípa mi ni pé mo ń gbìyànjú.

Mo wá bi ara mi pé kí ni agolo ní tí ẹran mi kò ní. Agolo kì í jẹ koríko, agolo kì í ké, agolo kò mọ ẹni tí ó bí i. Mo lọ bá obìnrin Fúlàní tí ó ń kiri wàrà lọ́dọ̀ wa pé kó wá kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fún ọmú ewúrẹ́. Ó wo irùngbọ̀n mi, ó wo ti ewúrẹ́, ó ní ẹ̀yin méjèèjì jọra, ẹ ó gbọ́ ara yín yé. Ìwọ náà mọ̀ pé àwa kì í fún ọmú ewúrẹ́ nílẹ̀ wa, à ń pa á jẹ ni, a kì í bẹ̀ ẹ́. Odidi èmi Sàláwù, akọ̀wé ẹgbẹ́ alákájú, ni mo kúnlẹ̀ sẹ́yìn ewúrẹ́ ní ìdájí, tí mo ń wí pé ìyá, jọ̀ọ́, dúró, ọmọ kan ni a fẹ́ fi wò. Ó ta mí nípàá láyà lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn tí wọ́n ń kọjá lọ sóko dúró, wọ́n ní ẹ kú ìtọ́jú o, ìyá ìkókó. Mo ní ẹ ṣeun. Kí ni n bá tún sọ?

Ife kan àti ààbọ̀ ni mo rí. Mo sè é, mo rọ ọ́ sínú ìgò, mo fi lé Kọ̀yà lọ́wọ́, awakọ̀ tírélà tí ó ń gbé kájú wa lọ sí èbúté Apapa. Ọjọ́ kan ni láti ibí dé Èkó, ìyẹn kò burú. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́rin ni Kọ̀yà fi tò sórí ìlà ní Coconut, lójú ọ̀nà Apapa, tírélà kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn, wàrà mi sì jókòó sínú oòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ọmọ mọ́tò. Ìyá rẹ ní bí ẹ ṣe ṣí ìgò náà, ìdérí rẹ̀ fò lọ kan àjà, àwọn adìyẹ sì kúrò lójúde. Ó ní Dáhùnsí gbóòórùn rẹ̀, ó ní ẹ tètè dà á nù kí ọlọ́pàá tó dé, nítorí pé ẹ̀wọ̀n Kirikiri kò jìnnà síbí. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ dà á sí gọ́tà. Iṣẹ́ òwúrọ̀ mi, pẹ̀lú ìpá méjì láyà.

Bí ó bá jẹ́ ẹlòmíràn, ì bá jáwọ́. Mo padà lọ bá obìnrin Fúlàní náà, ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi ewé bòmubòmu sè é títí tí yóò fi dì. Wàrà dídì lè rìnrìn àjò. Mo ṣe ti ewúrẹ́, mo ṣe ti àgùntàn, mo ra ti màlúù lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀ kún un, mo kó gbogbo rẹ̀ sínú korobá pẹ̀lú omi rẹ̀, mo sì bẹ Kọ̀yà pé bí wọ́n bá tún dá a dúró ní Coconut, kó máa gbé e fún àwọn olóúnjẹ ibẹ̀ kí wọ́n bá a gbé e kaná. Ìyẹn dé ire. Ìwọ fúnra rẹ lo pè mí pé Yasir jẹ ẹ́, ó tún nawọ́ sí i. Ọjọ́ náà ni mo sùn dáadáa. Láti ìgbà náà, kò sí ọ̀sẹ̀ tí Kọ̀yà lọ tí korobá mi kò bá a lọ. Bí Dáhùnsí ti gbọ́ pé ọmọ fẹ́ràn wàrà mi, ó fi ìgò alẹ́ kún ti àárọ̀. Mo gbọ́, mo ra àgùntàn kan kún tèmi. Ó fi ìgò ọ̀sán àti ti ìrọ̀lẹ́ kún un. Ìyá rẹ ní ó ti wá di pé bí ọmọ bá ti lanu láti yán, ẹnì kan á ti ki nǹkan funfun bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí ó sọ ọ́. Mo rò pé ìyìn ni.

Lọ́jọ́ Ajé tí ó kọjá ni o wá pè mí tí ohùn rẹ kò dọ́gba. O ní ó ń rẹ Yasir, pé kò fẹ́ dìde dúró mọ́, pé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun, pé ẹ ká a mọ́ ibi tí ó ti ń jẹ yẹ̀pẹ̀ lẹ́yìn ilé. O ní ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, dókítà ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó. O ya fọ́tò káàdì tí wọ́n fún yín, o fi ránṣẹ́ sí Nímọ́tà. Mo rí ìlà kan níbẹ̀ tí ó ń gun òkè bọ̀, tí ó wá tẹ́ pẹrẹsẹ. Mo rò pé ọ̀nà ilé ìwòsàn ni o yà fún mi kí n lè wá bá yín, mo tilẹ̀ ń wá ibi tí ẹ ó ti pàdé mi. Nímọ́tà kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yìí. Ó ní Bàbá, ìwọ̀n ọmọ ni. Ibi tí ó tẹ́ yẹn, ibẹ̀ ni kò ti sanra sí i mọ́.

Ràdíátù, jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun kan fún ọ, ìwọ ni àkọ́bí mi. Ẹ̀rù bà mí. Mo di òpó ilé Nímọ́tà mú. Ṣùgbọ́n lábẹ́ ẹ̀rù náà, nǹkan kékeré kan wà tí ó ń jó. Ó ń wí pé agolo ni! Agolo Dáhùnsí ló fà á! Ọ̀rọ̀ ọmọ tí kò ní ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń bá mi sọ, nǹkan náà sì ń jó. Kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Ilẹ̀ mọ́, mo wọ agbádá, mo gba ilé ìtọ́jú ìlera wa lọ. Ìwé ni mo fẹ́ lọ gbà. Mo fẹ́ kí Nọ́ọ̀sì Ṣìkẹ́mi kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì lu òǹtẹ̀ ìjọba lé e, pé wàrà ẹran Sàláwù dára ju mílíìkì inú agolo lọ, kí n fi rán Kọ̀yà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níbi tí ojú Dáhùnsí yóò ti máa bá a pàdé. Wọ́n kọ́kọ́ fún mi ní fọ́ọ̀mù kan lẹ́nu ọ̀nà. Ó béèrè orúkọ aláìsàn, mo kọ Yasir. Ó béèrè iṣẹ́ tí aláìsàn ń ṣe, mo kọ ọ́ pé ó ń kọ́ ìrìn. Ó béèrè bóyá aláìsàn ti gbéyàwó, mo kọ ọ́ pé kò tíì sí, ṣùgbọ́n Ọlọ́run kò ní fi dù ú. Ó wá béèrè ẹbí tí ó sún mọ́ aláìsàn jùlọ. Mo dúró sórí ìyẹn fún ìgbà pípẹ́. Mo kọ orúkọ mi. Mo kọ ọ́ gàdàgbà-gàdàgbà kí ó má baà sí àyè fún ẹlòmíràn.

Ọmọdé ni Nọ́ọ̀sì Ṣìkẹ́mi, bóyá ni ìwọ kò fi jù ú lọ, ṣùgbọ́n ó gbọ́ mi dé òpin láìwo ibòmíràn. Ó ní Bàbá, ẹ jókòó. Ó fa ìwé ńlá kan jáde tí wọ́n ti fa ìlà sí ní ìbú àti ní òró. Lókè ni wọ́n kọ màlúù, ewúrẹ́ àti àgùntàn sí, wọ́n sì kọ ènìyàn tẹ̀lé wọn. Wọn kò sọ pé a jẹ́ ẹran, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni wọ́n tò wá sí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni wọ́n kọ àwọn èròjà inú wàrà sí, àwọn èyí tí wọ́n dà bí iyọ̀, tí ara kò lè dá ṣe fúnra rẹ̀, tí ẹran ń rí nínú koríko, tí koríko ń rí nínú ilẹ̀. Kíá ni mo ti mọ ohun tí ìwé náà jẹ́. Èsì ìdánwò ni.

Ràdíátù, àgùntàn gba ipò kìíní! Kálísíọ́ọ̀mù ni wọ́n ń pe èyí tí ó ń kọ́ egungun àti eyín, àgùntàn ló lé gbogbo wọn níbẹ̀, ewúrẹ́ tẹ̀lé e, màlúù ṣe ìkẹta. Síǹkì ni wọ́n ń pe èyí tí ó ń jẹ́ kí ọgbẹ́ tètè jiná, àgùntàn náà ni. Pòtásíọ́ọ̀mù tí ó ń bá ọkàn àti iṣan ṣiṣẹ́, ewúrẹ́ mi, èyí tí ó ta mí nípàá, òun ló mú un. Mo ní agolo ńkọ́. Nọ́ọ̀sì ní wàrà màlúù náà ni mílíìkì inú agolo, wọ́n kàn fa omi rẹ̀ gbẹ ni. Mo ní ẹ̀ẹ́n-ẹ́n! Màlúù! Ìkẹta! Mo dìde, mo fẹ́ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ènìyàn ló ṣe ìkẹyìn. Kálísíọ́ọ̀mù inú omi ọmú obìnrin kò tó ìdá kan nínú márùn-ún ti àgùntàn, ìyẹn sì bí mi nínú díẹ̀ nítorí ìyá tí ó bí mi. Nọ́ọ̀sì ní kí n má bínú. Ó ní díẹ̀ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ara ọmọ mọ bí yóò ṣe gba díẹ̀ náà. Ó ní ohun tí ó pọ̀ nínú ife kọ́ ló ń pọ̀ nínú ọmọ.

Mo ní ó dára, kó lu òǹtẹ̀. Ó ní ẹ dúró, Bàbá, ó ku ìlà kan. Ó fi ìka sí ìsàlẹ̀ ìwé, ó ní irin nìyí. Mo rò pé ó ń fi mí ṣẹ̀sín. Ó ní kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń rọ ọkọ́ gan-an, ó ní bíńtín báyìí ló máa ń wà nínú oúnjẹ, òun ló ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ pọ́n kí ó sì tó. Mo wo ìlà náà. Màlúù, òdo àti nǹkan díẹ̀. Ewúrẹ́, òdo àti nǹkan díẹ̀. Àgùntàn, àgùntàn mi tí inú mi ń dùn sí láti àárọ̀, òdo àti nǹkan díẹ̀. Gbogbo wọn ló fìdí rẹmi. Mo ní ọmọ tí ó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Apapa, tí kọ̀ǹténà yí i ká, tí ó ń gbọ́ ariwo rélùwéè àti tírélà láti òwúrọ̀ dé alẹ́, irin ni kò ní? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá, irin ni kò ní.

Ó wá bi mí pé ẹ̀ẹ̀melòó ni ọmọ náà ń mu wàrà lóòjọ́. Inú mi dùn nítorí pé mo mọ̀ ọ́n sórí. Mo ní ìgò àárọ̀ láti ọwọ́ Dáhùnsí, wàrà mi lé e, ìgò ọ̀sán, wàrà mi, ìgò ìrọ̀lẹ́, wàrà mi tí wọ́n dín, ìgò alẹ́. Mo ní àbí ó kéré ni? Ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní ìgbà wo ló wá ń jẹun. Mo ní kí ni mo ti ń kà fún ọ láti ẹ̀ẹ̀kan?

Ó di ọwọ́ rẹ̀ ní ẹ̀ṣẹ́, ọwọ́ kékeré ọmọdébìnrin, ó ní bí ikùn ọmọ náà ṣe mọ nìyí. Ó ní bí wàrà bá ti kún inú rẹ̀, ẹ̀wà kò rí àyè, ẹ̀fọ́ kò rí àyè, ẹja kò rí àyè, ẹ̀dọ̀ ẹran kò rí àyè, inú àwọn yẹn ni irin sì wà. Ó ní èyí tí ó tún burú ni pé kálísíọ́ọ̀mù tí mo ń yọ̀ lé lórí yẹn, bí ó bá ti pọ̀ jù, kì í jẹ́ kí ara gba ìwọ̀nba irin tí ó bá wọlé. Ó ní wàrà kò burú, Bàbá, àpọ̀jù rẹ̀ ni. Ó ní ta ló ń fún ọmọ ọdún kan ní gbogbo èyí? Mo ní àwa bàbá àgbà rẹ̀ méjèèjì ni. Ó ní ṣé ẹ ń bá ara yín jà ni? Mo ní rárá o. Ó wò mí. Mo ní díẹ̀.

Mo jáde láìgba òǹtẹ̀ kankan. N kò lè lọ tààrà sílé, mo lọ jókòó sí abẹ́ igi kájú, agbádá mi wà nínú yẹ̀pẹ̀. Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn. Nítorí kí ọmọ lè tètè lágbára kí ìyá rẹ lè padà wálé ni mo ṣe ń fi korobá ránṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan, korobá kan. Korobá náà sì ni ó ń tú ọmọ lókun, ọmọ tí kò lókun sì ni ó ń dá ìyá rẹ dúró. Èmi ni mo ń fi ọwọ́ ara mi so ó mọ́ Ajégúnlẹ̀, tí mo sì ń bú Dáhùnsí pé ó gbà á lọ́wọ́ mi.

Nítorí náà, gbọ́ mi dáadáa. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tí dókítà kọ fún un, má jẹ́ kí ọjọ́ kan fò, má sì jẹ́ kí wọ́n fi mílíìkì gbé e mì. Ohun tí dókítà yín bá wí ni kí o ṣe, má tẹ̀lé ẹnu èmi tàbí ti àna mi. Nọ́ọ̀sì ní ife kékeré kan lówùúrọ̀ àti òmíràn nírọ̀lẹ́ ti tó ọmọ náà, lẹ́yìn tí ó bá ti jẹun. Ife méjì péré! Mo ti kọ́kọ́ kọ ọ́ síbí pé kí ti òwúrọ̀ jẹ́ tèmi, kí ti ìrọ̀lẹ́ jẹ́ ti Dáhùnsí, nítorí pé oorun á ti máa kun ọmọ nírọ̀lẹ́, kò ní mọ ẹni tí ó fún un. Mo ti fa igi lé e, bí o bá gbé ìwé yìí sókè sí oòrùn o ó rí i. Kí ife méjèèjì jẹ́ ti bàbá ọkọ rẹ. Àwọn ni wọ́n wà nítòsí, tiwọn kì í sì í kan lọ́nà. Ó dùn mí bí mo ti ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n mo kọ ọ́.

Sọ ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì yìí fún wọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Má sọ ọ́ bí ẹni pé àwọn nìkan ni wọ́n jẹ̀bi. Sọ pé Sàláwù ní àwa méjèèjì ni, pé a fi ìfẹ́ rọ ọmọ yó ni. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, o kò gbọdọ̀ sọ fún mi.

Kọ̀yà ń bọ̀ ní ọjọ́ Ẹtì. Kò sí korobá lọ́wọ́ rẹ̀. Àpò ẹ̀wà ni ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀, pẹ̀lú ẹja gbígbẹ, ẹ̀fọ́ tí mo sá, àti máńgòrò, nítorí pé nọ́ọ̀sì ní èso bí ọsàn àti máńgòrò máa ń jẹ́ kí ara tètè gba irin inú ẹ̀wà. Se ẹ̀wà náà kó rọ̀, kí o sì fi ẹja gún un mọ́lẹ̀ fún un. Mo ti ní kí nọ́ọ̀sì bá mi wo inú ìwé rẹ̀ bóyá ẹ̀wà funfun ni irin pọ̀ nínú rẹ̀ jù tàbí ẹ̀wà pupa. Ó ní Bàbá, ṣé kì í ṣe pé ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀? Mo ní rárá, mo kàn fẹ́ mọ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá kan ọ̀rọ̀, Dáhùnsí kò ní oko.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. O mọ̀ pé n kì í fẹ́ béèrè. Owó ọkọ̀ ni mo fẹ́ kí o fi ránṣẹ́, àlọ àti àbọ̀, àti nǹkan díẹ̀ tí n ó fi ran agbádá tí kò ní kájú lára. Má fi sí báńkì. Ìgbà tí o fi sí i kẹ́yìn, mo lọ sí Ṣakí, ẹ̀rọ ara ògiri wọn bi mí ní nọ́ńbà àṣírí mi níwájú gbogbo èrò. Mo sọ fún un, mo sì sọ ọ́ sókè kó lè gbọ́, pé Sàláwù kò ní àṣírí kankan. Ó gbé káàdì mì. Kí o fi rán Kọ̀yà. Mo fẹ́ wá sí Ajégúnlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta péré, kí Yasir lè rí ojú tí ó wà lẹ́yìn ohùn, kí ó mọ̀ pé bàbá kan kọ́ ló ní. N kò bá ti ìjà wá. N kò sì wá láti wá fa ìyá rẹ lọ́wọ́, ẹni tí ó ń ṣọ́ ọmọ, ẹ jẹ́ kó ṣọ́ ọ. Bí ó bá kàn ṣẹlẹ̀ pé àyè kan ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú ọkọ̀ nígbà tí mo bá ń padà, ìyẹn, ọwọ́ mi kò sí níbẹ̀.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀jẹ̀ padà sára ọmọ náà. Kí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ pọ́n bí epo tuntun. Kí ó rìn, kí ó sáré, kí ó rẹ ẹ̀yin tí ẹ ń lé e. Iṣẹ́ rẹ kò ní bọ́, iṣẹ́ ọkọ rẹ kò ní há sí èbúté. Bí o ti sunkún lórí ọmọ yìí, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò fi ẹ̀rín gbé ọ sin ní ọjọ́ ogbó. Kí Ọlọ́run sì ṣàánú àwọn àgbàlagbà tí wọn kò mọ̀ pé ohun rere náà ní ìwọ̀n.

Bí ìyá rẹ bá béèrè bóyá mo béèrè rẹ̀, sọ pé n kò béèrè. Bí ó bá béèrè lẹ́ẹ̀kejì, sọ òótọ́ fún un.

Èmi ni bàbá rẹ,
Sàláwù.